Ẹṣin tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ oògùn oorun: kí ni a lè ṣe kí èémí má baà wọ́n ọn?

Ẹlẹ́ṣin Kàdúná

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Ẹṣin méjì ni mo ní níbí ní Kàdúná. Ní ọdún tó kọjá, a tẹ àkọ́kọ́ lọ́dàá lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ẹṣin. Dókítà ẹran tí a pè gún un ní abẹ́rẹ́ méjì, ẹṣin náà rọra wó lulẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kò ní ju ìṣẹ́jú 15 lọ ló di ìṣẹ́jú 45, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò dá, wọ́n sì ń fi oògùn oorun kún oògùn oorun. Níbi tí mo ti ń wo ẹnu rẹ̀, mo rí i pé èrìgì rẹ̀ tó pupa tẹ́lẹ̀ ti ń dú bí aṣọ tí wọ́n rẹ láró. Á mí kan, á dákẹ́, á dákẹ́ títí ẹ̀rù yóò fi bà mí, kó tó tún mí òmíràn. Kò sí ọ́síjìn kankan nítòsí. Ẹṣin náà jí, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti iwájú le gbagidi fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Ó wọn nǹkan bí 420 kìlógírámù, ẹpọ̀n rẹ̀ kan ṣoṣo ló sì sọ̀kalẹ̀. Dókítà mìíràn ti sọ fún mi pé kí òun tó lè wá ìkejì, wọn yóò dá ẹṣin náà dùbúlẹ̀, yóò fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì dojú kọ òkè. Bí ó bá jẹ́ pé èyí tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lásán ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí èyí tí yóò fẹ̀yìn lélẹ̀? Kí ni kí n béèrè kí n tó buwọ́ lùwé?

Dókítà Ẹran, Sáríà

Ẹ kú ewu ẹṣin, alàgbà. Ohun tí ẹ rí lábẹ́ igi máńgòrò kì í ṣe àfọ̀ṣẹ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oògùn nìkan ló fà á. Ìdùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀, oògùn wá kún un.

Ẹ wo bí a ṣe dá ẹṣin. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ gùn, ó tẹ́ lọ sí ẹ̀yìn lábẹ́ egungun ẹ̀yìn, awọ iṣan tó pààlà sáàárín igbá àyà àti ikùn sì dagun wá sí iwájú bí òrùlé. Lábẹ́ awọ yìí ni ìfun ńlá wà, èyí tó lè gba nǹkan bí 100 lítà koríko àti omi. Nígbà tí ẹṣin bá dúró, ìfun yìí rọ̀ sí ìsàlẹ̀, kò di ẹ̀dọ̀fóró lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yí padà, nítorí pé ìfun náà ni yóò wá jókòó lórí ẹ̀dọ̀fóró. Ó dà bí ẹni tó sùn tí wọ́n sì gbé àpò ìrẹsì méjì lé láyà. Bí ó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró apá ìsàlẹ̀ ni yóò jìyà jù, ti òkè yóò ṣì máa rí èémí díẹ̀.

Àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n tẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò pa dé, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò mọ̀, ó ṣì ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ ronú nípa ọkọ̀ tó wọ ìdíkọ̀ tí wọ́n ti tì pa, tí kò rí èrò kan ṣoṣo gbé, tó sì padà sójú títì lófo. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà ṣe máa padà sínú ọkàn láìgbé ọ́síjìn, tí yóò sì dà pọ̀ mọ́ èyí tó gbé. Görel Nyman àti Göran Hedenstierna ní Sweden fi èyí hàn nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1989 àti 1990. Wọ́n rí i pé ibi tí ẹ̀dọ̀fóró ti wó pọ̀ yìí gan-an ló ń ba ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́, kò sì pẹ́ lẹ́yìn tí ẹṣin bá sùn tó fi ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun yóò fi ọ́síjìn pọ̀ sí i láti wo gbogbo rẹ̀ sàn ti gbàgbé pé ọ́síjìn kò lè wọ ilé tí wọ́n ti tì.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ bi dókítà yín ni èyí: ṣé ó di dandan kí ẹṣin yìí dùbúlẹ̀ ni? Bí ẹpọ̀n méjèèjì bá sọ̀kalẹ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ ẹṣin ni a lè tẹ̀ lọ́dàá lórí ìdúró, pẹ̀lú oògùn tó ń mú un rọ̀ àti èyí tó ń pa ojú ibẹ̀. Èyí tó fara pamọ́ sínú ikùn pàápàá, àwọn kan máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ikùn mú un lórí ìdúró, bí ẹṣin náà bá jẹ́ onísùúrù tí irinṣẹ́ sì wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara wo ibi tí ẹpọ̀n náà wà kí wọ́n tó pinnu ìdùbúlẹ̀.

Ẹlẹ́ṣin Kàdúná

Mo dúpẹ́ gan-an, Dókítà. Wọ́n ti fọwọ́ wá a, wọn kò rí i. N óò béèrè fún àwòrán náà. Ṣùgbọ́n dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà fi dá mi lójú pé òun ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ẹṣin ní ahọ́n, àti pé bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá ti wà ní 95 tàbí 97, kò séwu. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀?

Onímọ̀ Oorun, Gwagwalada

Ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀, ẹ má fọkàn balẹ̀ tán. Iṣẹ́ mi ni láti máa kun ẹran lóorun fún iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rọ yẹn sì ń ràn mí lọ́wọ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò tó ohun tí a ń rò pé ó ń sọ.

Nọ́ńbà tó ń kọ ni ìdá ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ gan-an ni agbára ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ọkàn bọ̀, èyí tí à ń fi mmHg wọ̀n, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ àti ti ẹ̀jẹ̀. Ẹṣin tó dúró tó ń mí afẹ́fẹ́ lásán ní nǹkan bí 100. Bí ẹ bá fún un ní ọ́síjìn ògidì, tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó yẹ kí ó gòkè dé 500. Tó bá wá jẹ́ pé 110 péré ni, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ púpọ̀, síbẹ̀ ẹ̀rọ ahọ́n yóò ṣì máa kọ 97 tàbí 98. Ìgbà tí agbára náà bá já bọ́ sí 60 ni ẹ̀rọ náà tó máa kọ 90, láti ibẹ̀ sì ni ó ti ń já lulẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta. Ìyẹn ni pé nígbà tí ẹ̀rọ náà bá figbe ta, àkókò tí ẹ ní láti ṣe nǹkan kò pọ̀ mọ́. Òun náà tún máa ń purọ́: ahọ́n tó ti gbẹ, ahọ́n tí wọ́n ti há lójú kan ṣoṣo fún ìdajì wákàtí, oòrùn tó ń ràn sí i lára, gbogbo rẹ̀ lè mú kí nọ́ńbà lọ sílẹ̀ láìnídìí. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹṣin, kí ẹ yí i síbòmíràn lára ahọ́n, kí ẹ tó sá sókè sódò.

Bí ilé ìwòsàn bá ní ẹ̀rọ tó ń yẹ afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti ojú iṣan ojú tàbí ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò sọ òótọ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Yóò tún sọ nípa afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ẹ̀dọ̀fóró yẹ kí ó máa tì jáde. Nǹkan bí 40 mmHg ló yẹ kí ó jẹ́, ṣùgbọ́n ẹṣin tó sùn tó ń mí fúnra rẹ̀ lè ní 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé oògùn ti mú ọpọlọ rẹ̀ lọ́ra láti pàṣẹ èémí. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gba díẹ̀ nínú àlékún yìí láàyè, torí pé fífi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ inú ẹṣin náà ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti padà sínú ọkàn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì já wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìfúnpá yìí ló ṣàlàyé ẹsẹ̀ tó le gbagidi. Iṣan tí ẹṣin fi ara tẹ̀ mọ́lẹ̀ nílò ẹ̀jẹ̀ tó ní agbára láti wọ inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kì í fi fẹ́ kí ààrin ìfúnpá lọ sílẹ̀ ju 70 mmHg lọ. Bí ọ́síjìn bá kéré, tí ìfúnpá náà sì kéré, iṣan náà yóò jìyà lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀ líle lábẹ́ igi kò ràn án lọ́wọ́.

Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olówó ẹṣin mọ̀ pé oorun ẹṣin kì í ṣe ẹgbẹ́ oorun ajá. Nínú ìwádìí tí Johnston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2002 lórí ẹṣin tó lé ní 41,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyọ kan nínú 100 tó kú, bí a bá tilẹ̀ yọ àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ inú rírun fún kúrò. Ní ti ajá tó lera, nǹkan bí ẹyọ kan nínú 2,000 ni Brodbelt àti àwọn tirẹ̀ rí ní 2008.

Olùtọ́jú Ẹṣin, Kánò

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo júbà. Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n mo ti ń tọ́jú ẹṣin láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, àtàwọn ẹṣin tí wọ́n ń gùn ní Hawan Sallah, ayẹyẹ ẹṣin gígùn nígbà ọdún Mùsùlùmí, pẹ̀lú. Ohun tí àwọn àgbà kọ́ wa ni pé ká gba koríko àti omi lọ́wọ́ ẹṣin láti ìrọ̀lẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ dá a dùbúlẹ̀ láàárọ̀, kí ikùn lè fúyẹ́. Ẹ tún gbọ́dọ̀ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀ dáadáa, kí koríko tó ń fi pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ má baà bá rọ́bà èémí, èyí tí wọ́n ń tì sí i lọ́fun, wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ bọ́ ìjánu kúrò lórí rẹ̀ nígbà tó bá ti sùn, nítorí irin ara rẹ̀ lè tẹ iṣan ojú títí ètè yóò fi wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ti rí i rí.

Dókítà Ẹran, Sáríà

Ẹ ṣeun, bàbá. Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀ àyàfi ti omi. Koríko ni kí wọ́n gbà, wákàtí mẹ́fà sí méjìlá sì tó. Ẹ fi omi sílẹ̀ fún un títí di àkókò tí wọn yóò fi gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, pàápàá ní oṣù March sí April tí ooru ibí yìí kì í ṣe eré, nítorí pé ẹṣin tí ara rẹ̀ ti gbẹ ni ìfúnpá rẹ̀ yóò tètè já lábẹ́ oògùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún ọ̀rọ̀ èrìgì tó dú. Kí èrìgì tó lè yí sí àwọ̀ aró, ẹ̀jẹ̀ tí kò gbé ọ́síjìn gbọ́dọ̀ pọ̀ dé ìwọ̀n kan nínú ara. Ẹṣin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó lè kú láìjẹ́ pé èrìgì rẹ̀ dú rárá, yóò kàn funfun ni. Ní agbègbè wa yìí tí àrùn tí eégbọn ń kó ran ẹran pọ̀ sí, tí kòkòrò àrùn ti eṣinṣin tsetse kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀, ẹṣin púpọ̀ ló ń rìn kiri pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí olówó rẹ̀ kò mọ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ PCV rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ìyẹn ìdá ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa. Bí ó bá wà láàárín 30 sí 45, ẹ lè tẹ̀ síwájú. Bí ó bá kéré púpọ̀ sí i, ẹ tọ́jú àìsàn náà ná, ẹpọ̀n kò ní sá lọ.

Ní ti kí ó máa mí kan kí ó dákẹ́: ketamine, ọ̀kan nínú àwọn oògùn oorun, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹṣin yóò fa èémí sínú, yóò dá a dúró síbẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá tú u jáde. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lákòókò àkọ́kọ́, tí èrìgì pupa, tí ìlù ọkàn sì dúró ṣinṣin, kì í ṣe ohun tí à ń pariwo lé lórí. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oògùn kún un lẹ́ẹ̀mẹta ni, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Xylazine, oògùn tó ń mú ẹṣin rọ̀, àti ketamine tí wọ́n gún lẹ́ẹ̀kan kì í fún wa ju ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ. Èmi kò ní gbà láti kọjá wákàtí kan lórí pápá tí kò ní ẹ̀rọ ìmí, ohun yòówù kí ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé iṣẹ́ òun yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó gbé ẹṣin lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti yunifásítì.

Akẹ́kọ̀ọ́ láti Jọ́ọ̀sì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwa tí à ń gbé lórí òkè náà sọ tiwa. Nǹkan bí mítà 1,200 ni Jọ́ọ̀sì fi ga ju òkun lọ. Létí òkun, agbára ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí ẹranko ń fà símú, nígbà tó bá ti lọ́rinrin nínú ọ̀nà èémí, jẹ́ nǹkan bí 150 mmHg. Nígbà tí mo ṣírò ti ibí yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju 128 lọ, ti Àbújá sì wà ní nǹkan bí 140. Ẹṣin tó dúró lórí òkè wa kò ní mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a dùbúlẹ̀ láìsí ọ́síjìn, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju ti ẹṣin Èkó lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀gá wa kò fi gbà kí a kun ẹṣin kankan lóorun níbí láìgbé sìlíńdà dání, ì báà jẹ́ iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹlẹ́ṣin Kàdúná

Èyí wọ̀ mí létí. Sìlíńdà wo ni kí n gbà, báwo ni wọ́n sì ń fún un? Ẹnìkan sọ fún mi pé ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́, irú èyí tí wọ́n ń lò fún aláìsàn nílé, yóò tó.

Onímọ̀ Oorun, Gwagwalada

Kò ní tó. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í fúnni ju lítà 5 sí 10 lọ ní ìṣẹ́jú kan, iná sì gbọ́dọ̀ wà, ẹ̀yin náà sì mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí. Ẹṣin ńlá nílò nǹkan bí lítà 15 ní ìṣẹ́jú kan bí a bá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e gba imú rẹ̀ tàbí inú rọ́bà èémí wọlé. Ẹ má rò pé ara rẹ̀ ń jẹ 15 lítà o. Ẹṣin tó sùn kì í lò ju nǹkan bí lítà kan ọ́síjìn lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tó fà á ni pé èémí kan ṣoṣo rẹ̀ tó lítà mẹ́rin sí márùn-ún, ó sì ń fà á wọlé kíákíá, tí 15 lítà yín fi ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ lásán kó tó débẹ̀. Bí a bá fún un ní 5, ó dà bí ẹni tó bu ife omi kan sínú odò.

Sìlíńdà kékeré tí ènìyàn lè fọwọ́ kan gbé máa ń gba nǹkan bí 680 lítà. Ẹ pín in sí 15, ìṣẹ́jú 45 ni yóò tán. Nítorí náà, méjì ni kí ẹ gbà, tàbí kí ẹ yá ńlá tí wọ́n ń yí gbirigbiri. Ẹ tún ní kí wọ́n fi rọ́bà èémí sí i lọ́fun, èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 24 tàbí 26 fún ẹṣin tó tóbi bíi tiyín, kí ọ̀nà wà láti bá a mí bí ó bá dákẹ́.

Ìyàtọ̀ èrò kan wà láàárín àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí tí mi ò fẹ́ fi pamọ́. Àwọn kan kò fẹ́ fún ẹṣin ní ọ́síjìn ògidì lórí ẹ̀rọ, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ a máa fa ọ́síjìn tán kúrò nínú àpò afẹ́fẹ́, tí àpò náà yóò sì wó, nígbà tó jẹ́ pé náítrójìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ lásán kì í tètè kúrò, ó sì ń ti ògiri rẹ̀ dúró. Wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Ní tèmi, ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kò yẹ kí ó máa fi èyí dánra wò. Ní orí pápá, lítà 15 tó gba imú wọlé kò lè di ògidì láéláé, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú.

Ìyá Ẹlẹ́ṣin, Ìlọrin

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti sọ̀rọ̀ ìsùn, ẹ kò sọ ti jíjí. Níbi jíjí gan-an ni tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ẹṣin kì í fi ẹnu mí, imú nìkan ló ní. Bí orí rẹ̀ bá ti wà ní ìsàlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, inú imú náà yóò wú. Nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà kúrò lọ́fun tèmi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, ihò imú rẹ̀ fẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, afẹ́fẹ́ kò sì wọlé. Ọlọ́run ló ṣe é tí dókítà náà ní rọ́bà kúkurú lọ́wọ́, ó tì í gba ihò imú kan wọlé, ó sì fi báńdéèjì so ó mọ́ orí. Lójú ẹsẹ̀ ni ariwo náà dákẹ́. Wọn kò yọ ọ́ títí ó fi dìde dúró. Ẹ béèrè fún rọ́bà yẹn. Kí ẹ sì fi nǹkan gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́.

Dókítà Ẹran, Sáríà

Ìyá wa ti sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ. Ẹ má pa ọ́síjìn nítorí pé abẹ ti parí, kí ó máa wọlé títí ẹṣin yóò fi gbé àyà lé ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa nà án kí ó tètè dìde. Àti pé bí ó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní ìgbà jíjí, ẹ fa ẹsẹ̀ iwájú ti ìsàlẹ̀ síwájú kí èjìká má baà tẹ̀ ẹ́ pa. Èyí tó le gbagidi lọ́dún tó kọjá, ó dá mi lójú pé kò sẹ́ni tó fà á.

Ẹlẹ́ṣin Kàdúná

Kò sẹ́ni tó fà á lóòótọ́, Dókítà. Lábẹ́ rẹ̀ ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo padà wá jábọ̀. Wọ́n ti ya àwòrán náà: ẹpọ̀n kejì wà lójú ọ̀nà tó fi ń sọ̀kalẹ̀ láti inú ikùn, kò jìnnà. Dókítà ní òun ṣì ní láti dá a dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò rò pé yóò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, ẹ̀yìn sì ni yóò fi lélẹ̀ fún apá kan péré nínú àkókò náà. Ó gbà láti ṣe é ní ilé ìwòsàn dípò abẹ́ igi, ní aago méje àárọ̀ kí ooru tó mú. PCV rẹ̀ jẹ́ 27, nítorí náà a ti sún ọjọ́ náà síwájú, ó ń gba ìtọ́jú eégbọn báyìí. Nígbà tí mo béèrè nípa rọ́bà ihò imú, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní ta ló kọ́ mi. Mo yá sìlíńdà ńlá kan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí i wò lánàá, mo gbọ́ tí ó ń mí ṣìì láti ibi tí wọ́n de aago rẹ̀ mọ́. Ṣé kí n fi nǹkan dí i ni, tàbí kí n dá a padà?

Onímọ̀ Oorun, Gwagwalada

Ẹ dá a padà. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi òróró tàbí gírísì kan ibi yẹn láé, ọ́síjìn àti òróró lè gbiná. Kí wọ́n pààrọ̀ aago náà níṣojú yín, kí ẹ gbé e sí ibòji, kí ẹ sì tún wo iye tó kọ ní alẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ.